Ẹ̀rọ Kékeré Tó Ń Tú Àṣírí Awakọ̀ Ìje: Olówó Nìkan Kọ́ Ló Ń Mọ Ibi Tó Ti Ń Pàdánù Mọ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje lónìí, òtítọ́ kì í dúró di ogún ọdún mọ́. Kí awakọ̀ tó bọ́ sílẹ̀, kó tó ṣí akoto lórí, òtítọ́ ti jókòó dè é. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún, owó rẹ̀ kò sì ju agbára òṣìṣẹ́ lọ.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2006, wọ́n ní ìdíje eré ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 24 Hours of Lemons. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jay Lamm ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìdíje ńlá kan wà ní ìlú Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a, odidi wákàtí 24 ni wọ́n sì fi ń sá a. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe mọ́tò ló ń náwó síbẹ̀ bí ẹni pé ara igi ni wọ́n ti ń ká a. Lemons ní tiẹ̀, ohun tí àwọn òyìnbó ń pe ọkọ̀ jákujàku nìyẹn, ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó rà á wàhálà ló rà. Òfin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ni pé ọkọ̀ tí wọ́n máa fi sáré kò gbọdọ̀ ju dọ́là 500 lọ. Ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀mí èèyàn nìkan ni wọn kì í kà mọ́ ọn: irin àkámọ́ tí kì í jẹ́ kí òrùlé tẹ̀ mọ́ awakọ̀ lórí, ìjókòó, bíréèkì àti táyà.

Kì í ṣe àwọn tó ń fi eré ìje jẹun ló ń lọ síbẹ̀. Àwọn tó ní iṣẹ́ tiwọn ni, tí wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ najú. Wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á ra àlòkù, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò, wọ́n á sì máa gba ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ọkọ̀ tó bá yí pápá lọ́pọ̀ ìgbà jù kí aago tó lù ló borí.

ẸNU DÙN-ÚN RÒFỌ́

Ká fi ọ̀rẹ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan mẹkáníìkì, èkejì káfíńtà. Wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ sí pápá Thunderhill ní California, níbi tí ọ̀nà eré gùn tó nǹkan bíi máìlì mẹ́ta, tó sì ní kọ́nà 15. Ìyípo kan tán, òmíràn tún tẹ̀lé e. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìjà dé.

Mẹkáníìkì ní, “Ẹ̀rù bíréèkì ló ń bà ẹ́, ìwọ yìí. Ibi tó o ti ń tẹ bíréèkì, èmi ṣì ń tẹ iná níbẹ̀!”

Káfíńtà dáhùn pé, “Ariwo lo ní. Táyà ń ké lábẹ́ ẹ, o wá rò pé eré lò ń sá.”

Ta ló máa là wọ́n? Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú aago lọ́wọ́ lè sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi yípo. Kò lè sọ kọ́nà tí àsìkò náà sọnù sí. Ó dà bí ìyá oníṣòwò tó ṣírò ọjà títí tí oṣù fi parí, tó rí i pé owó kò pé. Ó mọ̀ pé owó kò pé, ṣùgbọ́n ata ni o, ẹja ni o, àbí ọmọ tó ń bá a tajà ni, kò mọ̀. Bí èèyàn kò bá sì mọ ibi tí àpò ti ya, gbogbo ara àpò ló máa máa rán.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mẹkáníìkì wa ṣe fẹ́ ṣe. Ó ní táyà ni kò dáa, pé kí wọ́n ra mẹ́rin tuntun. Owó táyà mẹ́rin tó dáa fún eré ìje sì lè ju owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ gan-an lọ! Ìyàwó wà nílé, owó iléèwé ọmọ wà nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré ọmọdé.

KÁÀDÌ ALÁJỌ

Ibí yìí ni ẹ̀rọ kékeré náà ti wọlé. GPS ni orúkọ ìmọ̀ tó ń lò, ìyẹn ìmọ̀ tó ń fi sátẹ́láìtì sọ ibi tí èèyàn wà láyé. Àwọn sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà gbé sójú ọ̀run, ó kéré tán 24, ń yí ayé po ní òkè réré, nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé aago tí kì í tàsé lọ́wọ́, ó sì ń kéde láìsinmi pé, “Ibi tí mo wà nìyí, ohun tí aago wí nìyí.” Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ á gbọ́, á wo bí ohùn náà ṣe pẹ́ tó lọ́nà, á sì fi mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà sí i. Tó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin pọ̀, ó ti mọ ibi tó wà. Ó tún ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, láti inú bí ohùn náà ṣe ń yí padà bí ọkọ̀ ti ń sún mọ́ sátẹ́láìtì tàbí tó ń jìnnà sí i.

Iṣẹ́ tó wá kù kò ju ti alájọ lọ. Ẹ mọ bí alájọ ṣe ń fa ìlà sínú káàdì lójoojúmọ́, tí kò sí ẹni tó lè jà á níyàn nígbà tí oṣù bá parí. Ẹ̀rọ yìí náà ń fa ìlà sínú káàdì tirẹ̀: mo wà níbí, eré mi jẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Fóònù tó wà lápò èèyàn sábà máa ń fa ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún eré ìje ń fà á ní ìgbà 10, àwọn mìíràn ní ìgbà 25, kí èèyàn tó wí pé “kíni.”

Ṣé ó tiẹ̀ ṣe pàtàkì? Ó ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 108 ní wákàtí kan ń rin mítà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìlà bá jẹ́ ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kọ́nà jáde tán kí akọ̀wé tó tún gbé bírò. Bó bá jẹ́ 10, mítà mẹ́ta péré ló wà láàárín ìlà kan sí òmíràn. Bó bá jẹ́ 25, mítà kan àti díẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ dà bíi télọ̀ tó fi ojú wọn aṣọ àti èyí tó fa téèpù yọ.

ÌJÀ TÁN

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀, oníkálukú wà á. Wọ́n wá gbé ìrìn àwọn méjèèjì lé ara wọn lójú fóònù, ìlà pupa fún mẹkáníìkì, ìlà búlúù fún káfíńtà. Bí eré bá le, ìlà á gòkè. Bó bá rọ̀, ìlà á sọ̀ kalẹ̀.

Òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ o! Ní kọ́nà tó ṣíwájú ọ̀nà gbọọrọ, mítà 15 lẹ́yìn ibi tí káfíńtà ti ń tẹ bíréèkì ni òun tó tẹ̀ ẹ́. Ó fi jèrè bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Nítorí pé ó já wọ kọ́nà pẹ̀lú ìwàǹwára, ọkọ̀ fẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti fà á padà, kìlómítà 62 ló fi jáde. Káfíńtà tó rọra wọlé ti tẹ iná kó tó jáde, kìlómítà 70 ló fi jáde ní tiẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ tó wà níwájú sì gùn tó mítà 500. Ẹni tó bá fi eré díẹ̀ ju ẹnì kejì lọ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà bẹ́ẹ̀, á máa jèrè rẹ̀ lọ títí dé òpin ni. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni mẹkáníìkì sọnù lójú ọ̀nà yẹn.

Ó jèrè méjì, ó pàdánù mẹ́sàn-án. Gbèsè méje! Nínú ìyípo ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ti wọlẹ̀. Táyà kọ́ o. Ẹ́ńjìnì kọ́ o. Ẹsẹ̀ ni. Wọn ò ra táyà mọ́. Mẹkáníìkì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù wọ kọ́nà, owó iléèwé ọmọ sì dúró síbi tó wà.

Àpẹẹrẹ ni ti àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìje ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kéèyàn rọra wọ kọ́nà kó lè sáré jáde. Etí kì í gbọ́. Ojú ló gbà á gbọ́ nígbà tó rí ìlà méjèèjì.

BÍ ÌMỌ̀ YÌÍ ṢE DÉ ỌWỌ́ TÁLÁKÀ

Nǹkan yìí kò ti ọ̀dọ̀ eré wá rárá. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ni GPS, ọdún 1978 ni sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ gòkè lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú èrò ti ilẹ̀ Kòríà kan ṣìnà wọ òfuurufú ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì yìnbọn lù ú, èèyàn 269 ló kú. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ìbànújẹ́ yìí ni Ààrẹ Ronald Reagan kéde pé bí wọ́n bá parí GPS tán, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ayé á máa lò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ti aráàlú jẹ́ díẹ̀, ó lè fi bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Ẹ̀rọ tó bá ṣìnà tó ọgọ́rùn-ún mítà, kí ló fẹ́ sọ nípa kọ́nà? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n yọ ìdínà náà kúrò. Ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ najú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ìṣirò tí GPS dúró lé lórí ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Gladys West. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Virginia, àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ka ìwé ìṣirò, ọdún 1956 ló wọ iṣẹ́ ní ibùdó ọmọ ogun ojú omi tó wà ní Dahlgren, ó sì lo ọdún 42 níbẹ̀. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti fi ìṣirò kọ̀ǹpútà yẹ ìrísí ayé wò, nítorí ayé kò rí róbótó bí ọsàn, ó wú níbì kan, ó jìn níbòmíràn. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ìrísí ayé, kò lè sọ ibi tí èèyàn dúró sí. Ọdún 2018 ni àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà tó fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn akọni wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ló wọn ayé, káfíńtà wá ń fi ìwọ̀n náà borí àríyànjiyàn.

ÈWO LÈÈYÀN Á RÀ?

Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń sá Formula One ń ru ẹ̀rọ aṣọ́ bíi 200 sí 300, wọ́n sì ní àgbà oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ka ìlà lọ. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣeré kò nílò ìyẹn. Ọ̀nà mẹ́rin ló ṣí sílẹ̀ fún un.

Èkínní, fóònù ọwọ́ rẹ̀ àti áàpù bíi RaceChrono tàbí Harry's LapTimer. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìlà ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá ni kó má gbàgbé.

Èkejì, kó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń bá fóònù náà sọ̀rọ̀ láìlo wáyà. RaceBox Mini tó ń fa ìlà ìgbà 25 wà ní nǹkan bíi dọ́là 200. Dragy náà wà níbẹ̀, ìgbà 10 ni ti èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ní ojú tirẹ̀, tó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Garmin Catalyst tó jáde ní ọdún 2020 wà lára wọn, dọ́là 999.99 ni wọ́n gbé e jáde. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ Lemons méjì o!

Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n á ra ojú ẹ̀rọ GPS nìkan, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ u-blox ti Switzerland ń ṣe, wọ́n á fi òjé lẹ wáyà rẹ̀, wọ́n á kó o sínú páálí, wọ́n á so ó mọ́ fóònù. Èyí tí wọ́n ń pè ní NEO-M9N nínú wọn lè fa ìlà ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún rédíò àti wáyà ọkọ̀ ṣe, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín rèé.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ Ò LÈ ṢE

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín pé idán ni. Akọ̀wé ni, kì í ṣe awakọ̀. Ó máa ń sọ pé, “Ibí lo ti sọnù.” Kì í sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ló máa fi làákàyè wá ìyẹn.

Bákan náà, ó nílò ojú ọ̀run. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ irin, tàbí igi ńlá àti afárá bo ọ̀nà, ohùn sátẹ́láìtì á máa já. Ó sì yẹ kí wọ́n tàn án sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó lè kó sátẹ́láìtì jọ. Ìwọ̀n fóònù lè fi bíi mítà márùn-ún ṣìnà lábẹ́ ojú ọ̀run tó ṣí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi jà pé táyà òun gun etí ọ̀nà tàbí kò gùn ún. Eré àti àsìkò ni kó gbà gbọ́ jù.

Èyí tó léwu jù ni pé ojú ẹ̀rọ náà lè fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé, “O ti ń jèrè, o ti ń pàdánù.” Awakọ̀ á wá máa wo fóònù dípò ọ̀nà. Ọlọgbọ́n a máa dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, á sì dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá dúró kó tó kà á. Kí wọ́n sì dè é dáadáa, torí fóònù tó bá já lójú eré ti di òkúta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ ìwakọ̀ lórí pápá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ka aago rárá. Ìnṣọ́ránsì ló fà á: bí aago bá ti wọ̀ ọ́, ó ti di ìje.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló kàn. Sátẹ́láìtì kan náà tó ń wo Thunderhill ló ń wo Dùgbẹ̀, ló ń wo Ọ̀yìngbò, fóònù tó wà lápò yín sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ má ṣe torí pé ó lè ka eré kẹ́ ẹ wá gbé mọ́tò sí títì Ìbàdàn sí Èkó láti wò bó ṣe lè sá tó. Pápá ìje ní ògiri, ó ní àwọn panápaná, gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀ ọ̀nà kan náà ló dojú kọ. Títì ní ìyá oníbúrẹ́dì, ó ní ọmọ iléèwé, ó ní tírélà tí kò níná lẹ́yìn. Ẹ̀rọ á kọ eré yín sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè pa á rẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò mọ sórí ìje. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ra ẹ̀rọ tuntun, kí oníṣòwò tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ wá ìwé kékeré kan, kó máa fa ìlà síbẹ̀ bí alájọ. Ó lè jẹ́ pé táyà kọ́. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀.